Orí Keje: Títo Ẹ̀rọ Sílẹ̀ fún Ìdánwò Ìfaradà Ìgbì Iná

Ìdánwò ìfaradà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí ìgbì rédíò, ìtapàrà iná tàbí ìrusókè iná bá kọlù ú. Ariwo tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń tú síta kọ́ ni wọ́n ń wá. Ìyẹn ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ó ṣe ń fara da èyí tó ń ti ara ẹ̀rọ mìíràn, ọwọ́ èèyàn tàbí ojú sánmà wá. Orí yìí kò ní pẹ́ lórí irin iṣẹ́ tó ń dá ìkọlù náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ abẹ́ ìdánwò sílẹ̀ ló gbájú mọ́: gíga tábìlì, àlàfo sí ògiri, gígùn wáyà, ibi tí wáyà ilẹ̀ so mọ́. Iye fóòtì (V) tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìdánwò kò ní ìtumọ̀ bí ìtò yìí kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìtò jẹ́ ara iye náà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan Snake Island

Snake Island jẹ́ erékùṣù tóóró kan tó nà gbọọrọ lójú ọ̀sà Èkó. Òdìkejì rẹ̀ ni Àpápá àti èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977. Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn èbúté náà lọ́hùn-ún. Àwọn ará Igbologun àti àwọn abúlé mìíràn ń gbé orí erékùṣù náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́. Láti 1986 ni Nigerdock ti wà níbẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó sì ń jó irin pọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ọgbà yìí ni wọ́n ti kan ilé gbígbé àwọn òṣìṣẹ́ fún pápá epo Ofon tó wà lójú òkun. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, ọkọ̀ epo rọ̀bì Egina, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 330, gúnlẹ̀ sí ọgbà LADOL ní agbègbè ọ̀sà kan náà, kí wọ́n lè to àwọn abala tí wọ́n kàn ní Nàìjíríà mọ́ ọn.

Irú ibi báyìí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ìgbì. Rédà ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 3 GHz àti 9.4 GHz. Rédíò VHF tó wà níwájú ọ̀gákọ̀ lè lo agbára tó tó wáàtì 25, èyí tí òṣìṣẹ́ ń gbé lọ́wọ́ sì ń lo nǹkan bíi wáàtì 5. Ẹ̀rọ ìjórin ń ta pàrà láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń pa á, òpó fóònù sì yí ọ̀sà ká. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé rédíò wáàtì 5 dúró ní mítà kan sí àpótí tó ń ṣọ́ gáàsì, agbára ìgbì tó ń ba àpótí náà á tó nǹkan bíi fóòtì 12 sí 15 lórí mítà kan. Ìlànà IEC 60945, tó wà fún ẹ̀rọ ìtukọ̀ àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, fóòtì 10 lórí mítà kan ló fi ń dán ẹ̀rọ wò. Kò sí àyè kankan láti fi ṣòfò láàárín iye méjèèjì. Ẹ̀rọ tó gba ìwé ẹ̀rí nípasẹ̀ ìtò tó dẹ̀ lè dákú níwájú rédíò ọwọ́ lásán, bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì ni, ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí òfin àgbáyé fi dá sí i. Orí Karùn-ún àdéhùn SOLAS lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ní ìlànà 17 rẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n dán ẹ̀rọ oníná tó wà ní yàrá ìtukọ̀ tàbí nítòsí rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé òun àti àwọn yòókù lè jọ gbé. Àjọ IMO, tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, ti gbé ìpinnu A.694(17) jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1991, A.813(19) sì tẹ̀ lé e ní 1995. IACS, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi èdìdì òṣùwọ̀n sára ọkọ̀, ní ìlànà E10 tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, NIMASA tí òfin 2007 gbé kalẹ̀ ló ń bójú tó ààbò ọkọ̀, NCC ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ òfin 2003, SON sì ń bójú tó òṣùwọ̀n ọjà. Ìwé ìdánwò ló máa ń dé ọwọ́ irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀. Bí ìtò tó wà nínú yàrá ìdánwò bá wọ́, ìwé náà á parọ́, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀.

Ìlànà wo ló ń pàṣẹ kí ni

Àjọ IEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1906 tó sì fìdí kalẹ̀ sí Geneva lónìí, ló ń tẹ àwọn ìlànà wọ̀nyí. Ọ̀wọ́ tó jẹ mọ́ ìfaradà ni IEC 61000-4. Apá 4-2 wà fún ìtapàrà láti ọwọ́ èèyàn, 4-3 fún ìgbì rédíò tó gba ojú afẹ́fẹ́, 4-4 fún ọ̀wọ́ ìtapàrà kéékèèké tó ń bẹ́ nígbà tí suwíìṣì tàbí rílè bá ń já iná, 4-5 fún ìrusókè iná bí èyí tí àrá ń fà, 4-6 fún ìgbì rédíò tó gba inú wáyà wọlé.

Àwọn apá wọ̀nyí ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò ni. Bí ìkọlù náà yóò ṣe le tó, àti ohun tí wọ́n máa pè ní ìkùnà, inú ìlànà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a. IEC 60945, fún àpẹẹrẹ, fẹ́ 6 kV fún ìtapàrà àfọwọ́kàn àti 8 kV fún èyí tó gba afẹ́fẹ́ kọjá. Ó fẹ́ 2 kV fún ọ̀wọ́ ìtapàrà lórí wáyà iná, 1 kV lórí wáyà ìsọfúnni. Ó tún pín ìṣe ẹ̀rọ sí ìpele mẹ́ta. Nínú ìpele A, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nígbà ìkọlù àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní B, ó lè ṣe ségesège díẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Ní C, ó lè dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá lè fi bọ́tìnì rẹ̀ jí i. Ìgbì rédíò ń béèrè A. Ìtapàrà àti ìrusókè ń béèrè B.

Ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbójú fò ni ẹ̀dà ìwé. Ìlànà 4-2 ti 2008 yàtọ̀ sí ti ìṣáájú rẹ̀ nínú àlàfo àti gíga kan, bẹ́ẹ̀ náà ni 4-4 ti 2012. Ẹ̀dà tí ìlànà ẹ̀rọ bá dárúkọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi to nǹkan, kí wọ́n sì kọ ọdún rẹ̀ sínú ìwé ìdánwò. Àwọn iye tó wà nínú orí yìí bá 4-2 ti 2008 àti 4-4 ti 2012 mu.

Ìdí tí sẹ̀ǹtímítà fi ṣe pàtàkì

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ iná ilé mọ̀ pé wáyà mítà kan àti wáyà mítà méjì kò yàtọ̀ sí ara wọn púpọ̀ bí gílóòbù ni wọ́n fẹ́ tàn. Iná ilé ń yí padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkọlù tí orí yìí ń sọ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: ìtapàrà ọwọ́ ń gòkè dé ṣóńṣó rẹ̀ láàárín nǹkan bíi 0.8 ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Níbi tí nǹkan bá ti yára tó báyìí, wáyà kì í ṣe ojú ọ̀nà lásán mọ́. Ó ń dènà. Wáyà sẹ̀ǹtímítà 10 ní nǹkan bíi 0.1 µH. Bí iná ámpíà kan ṣoṣo bá yí padà nínú rẹ̀ láàárín ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, 100 fóòtì á dúró láàárín orí àti ìdí wáyà náà. Bí wáyà ilẹ̀ bá gùn tó mítà kan, fóòtì náà á tó 1,000. Òṣìṣẹ́ tó so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà gígùn nítorí pé èyí tó kúrú kò sí nítòsí ti sọ ìdánwò náà di òmíràn.

Ọ̀nà kejì tí gígùn fi ń ṣe ohun tirẹ̀ ni pé wáyà máa ń di áńtẹ́nà. Ìkànnì 16 ni àwọn ọkọ̀ fi ń pe ara wọn àti èbúté, fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ 156.8 MHz. Gígùn ìgbì kan níbẹ̀ jẹ́ mítà 1.91, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96. Èyí túmọ̀ sí pé wáyà mítà kan tó nà tààrà lẹ́yìn ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ áńtẹ́nà tí wọ́n dìídì gé fún ìkànnì 16. Bí òṣìṣẹ́ bá ká wáyà yìí jọ kí tábìlì lè mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ náà kò ní gbọ́ ohun tó máa gbọ́ nínú ọkọ̀. Á yege, ìyege náà kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe ìlànà. Kì í ṣe pé gíga 0.8 mítà sàn ju 0.9 lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí yàrá ìdánwò ní Èkó, ní Hamburg àti ní Busan rí èsì kan náà lórí ẹ̀rọ kan náà. Yàrá tó bá yan gíga tó wù ú ń fi kọ́ńgò tó ti wọ̀ nínú wọn gàrí: ó lè má pinnu láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti ọjà mu.

Ìtapàrà láti ọwọ́ èèyàn

Ìdánwò yìí ló ní ìtò tó díjú jù, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ìdí ohun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni páànù ilẹ̀, ìyẹn bàbà tàbí alumíníọ́mù tí nínípọn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 0.25 mìlímítà, bó bá jẹ́ irin mìíràn, 0.65 mìlímítà ni. Páànù yìí gbọ́dọ̀ yọ jáde ní ìdajì mítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìtò náà, wọ́n á sì so ó mọ́ ilẹ̀ ààbò ilé. Lórí rẹ̀ ni tábìlì onípákó gíga 0.8 mítà máa dúró. Lórí tábìlì ni páànù ìbú wà, mítà 1.6 ní gígùn, 0.8 ní fífẹ̀. Ewé tí iná kì í gbà kọjá, tó nípọn ní ìdajì mìlímítà, á bò ó, orí ewé yìí ni wọ́n sì máa gbé ẹ̀rọ àti wáyà rẹ̀ lé. Ògiri tàbí irin mìíràn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ ní 0.8 mítà ó kéré tán. Páànù òró, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà níbùú lóròó, á dúró ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹ̀rọ; òun ni wọ́n ń ta iná sí láti fi ṣe bí ẹni pé ìtapàrà ṣẹlẹ̀ sórí nǹkan mìíràn lẹ́bàá ẹ̀rọ.

Wáyà tó so páànù ìbú àti páànù òró mọ́ páànù ilẹ̀ ní rẹ̀sísítọ̀ 470 kΩ kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí. Ẹlẹ́rọ tó bá rí rẹ̀sísítọ̀ yìí máa ń rò pé ohun ìdènà tí kò wúlò ni, pé wáyà ilẹ̀ gidi yẹ kó lọ tààrà. Bó bá yọ wọ́n, páànù náà á da iná sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní rí ìkọlù tó yẹ kó rí. Iṣẹ́ rẹ̀sísítọ̀ náà ni pé kó jẹ́ kí iná dúró lórí páànù nígbà ìtapàrà, kó sì jẹ́ kó ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ kí èyí tó kàn tó dé. Orí wáyà ni wọ́n sì máa ń wà, kì í ṣe àárín, kí wáyà náà má baà di áńtẹ́nà.

Ìbọn ìtapàrà fúnra rẹ̀ ní kapásítọ̀ 150 pF àti rẹ̀sísítọ̀ 330 Ω, ìyẹn àfiṣàpẹẹrẹ èèyàn tó di irin mú lọ́wọ́. Ní 8 kV, iná tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ á gòkè dé ámpíà 30. Wáyà ìpadà rẹ̀, tó gùn tó mítà 2, páànù ilẹ̀ ló so mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó kéré tán. Ó rọrùn láti gbàgbé èyí. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ wà lórí ìbọn, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ, wáyà ìpadà á wá rọra wọ́ gba orí tábìlì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ìsọfúnni. Láti ìgbà náà lọ, wáyà ìpadà ló ń kọlu ẹ̀rọ, kì í ṣe ìbọn mọ́. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń ní ẹnìkejì tó ń di wáyà yìí sẹ́yìn, tàbí kó fi ọ̀pá onípákó gbé e.

Ìtapàrà mẹ́wàá ó kéré tán ni ojú kọ̀ọ̀kan máa gbà fún iná rere àti fún iná òdì, ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá kan á sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹ̀rọ tí kò so mọ́ ilẹ̀, irú bíi rédíò ọwọ́ tàbí àpótí oníbátìrì, á máa kó iná jọ sára bí wọ́n bá ń ta á léraléra. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ iná ara rẹ̀ kúrò láàárín ìtapàrà méjì, yálà pẹ̀lú wáyà olórẹ̀sísítọ̀ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírun kábọ́nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtapàrà kejì kò ní lágbára bíi ti àkọ́kọ́.

Ojú ọjọ́ Èkó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbí. Ìlànà náà fẹ́ kí ooru yàrá wà láàárín 15 °C sí 35 °C, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 30% sí 60%, kí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ sì wà láàárín 86 kPa sí 106 kPa. Ti ooru àti ti ìtẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀rinrin ni ìṣòro. Létí ọ̀sà, ọ̀rinrin máa ń kọjá 80% ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀, pàápàá lásìkò òjò. Nínú afẹ́fẹ́ tó rin tó bẹ́ẹ̀, iná á máa ṣàn gba ojú ike lọ díẹ̀díẹ̀, ìtapàrà tó gba afẹ́fẹ́ kọjá kò sì ní bẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó kùnà á yege. Ìtapàrà àfọwọ́kàn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí, torí rílè inú ìbọn ló ń já a sílẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ní ara ike gbọ́dọ̀ gba ti afẹ́fẹ́. Yàrá ìdánwò ní Èkó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, kí ẹ̀rọ abẹ́ ìdánwò ti wà nínú rẹ̀ pẹ́ tó kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye ọ̀rinrin sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án tí ẹ̀rọ amúlétutù sì kú, ìdánwò ti dúró nìyẹn títí ọ̀rinrin á fi padà sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé ìlú tó rin tó báyìí kò nílò ìdánwò ìtapàrà ọwọ́ rárá. Àríyànjiyàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yàrá ìtukọ̀ àti yàrá ìdarí lórí omi máa ń wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù tọ̀sán tòru, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, kápẹ́ẹ̀tì sì wà nílẹ̀ nígbà mìíràn. Ọyẹ́ náà ń fẹ́ dé Èkó, ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe ní Snake Island lónìí sì lè wà ní ojú omi tútù Yúróòpù lóṣù tó ń bọ̀.

Ìkọlù tó gba inú wáyà wọlé

Fún ọ̀wọ́ ìtapàrà kéékèèké, ẹ̀rọ á dúró lórí àtìlẹ́yìn tí iná kì í gbà kọjá ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè páànù ilẹ̀, yálà ẹ̀rọ orí tábìlì ni tàbí ẹ̀rọ ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo irin yòókù, títí kan ògiri yàrá onírin, gbọ́dọ̀ jìnnà ju ìdajì mítà lọ. Wáyà tó wà láàárín ẹ̀rọ orí tábìlì àti ohun tó ń fi ìkọlù sínú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà. Ti ẹ̀rọ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́ mítà kan. Bí wáyà tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́ ẹ̀rọ bá gùn jù, wọn kì í gé e, wọn kì í sì í ká a yípo. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ pọ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n á sì gbé ìdì náà sí sẹ̀ǹtímítà 10 sókè páànù. Wáyà tí wọ́n ká yípo di kọ́ìlì, kọ́ìlì sì ń dá ìkọlù dúró kó tó dé ara ẹ̀rọ.

Fún ìgbì rédíò tó gba inú wáyà wọlé, láti 150 kHz dé 80 MHz, sẹ̀ǹtímítà 10 náà ni gíga ẹ̀rọ. Àpótí ìfìgbìsíwáyà á wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30 sí i, wáyà á sì ga ju páànù lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3 ó kéré tán. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò agbára ìgbì, ẹ̀rọ abẹ́ ìdánwò kì í sí níbẹ̀. Wọ́n á kọ iye tí ampilifáyà nílò sílẹ̀ ní fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tún iye náà lò nígbà tí ẹ̀rọ bá ti dé ipò rẹ̀.

Ti ìrusókè iná rọrùn jù. Ìgbì rẹ̀ ń gòkè láàárín 1.2 µs, ìyẹn pẹ́ gan-an bí wọ́n bá fi wé ìtapàrà ọwọ́, nítorí náà ìlànà kò fi bẹ́ẹ̀ le lórí àlàfo. Kìkì pé kí wáyà tó lọ sí ẹ̀rọ má ju mítà 2 lọ. Èyí fi hàn pé ìdí wà fún gbogbo òfin ìtò. Bí ìkọlù bá ṣe ń yára sí i ni sẹ̀ǹtímítà ṣe ń le sí i.

Ìgbì tó gba ojú afẹ́fẹ́

Inú yàrá onírin tí wọ́n fi ohun tó ń mu ìgbì bo ògiri àti òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Kí ẹ̀rọ tó wọlé rárá, wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí ìgbì ti dọ́gba. Wọ́n á mú ojú kan tó fẹ̀ tó mítà 1.5 níbùú lóròó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 0.8 mítà sókè ilẹ̀, wọ́n á sì wọn ìgbì ní ibi 16 tó fi ìdajì mítà jìnnà síra. Méjìlá nínú mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ wà láàárín iye tí wọ́n ń fẹ́ àti 6 dB lókè rẹ̀. Áńtẹ́nà á dára jù ní mítà 3 sí ojú náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì 0.8 mítà, kí ojú rẹ̀ wà lórí ìlà tí wọ́n ti wọ̀n. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn sí ìgbì ní mítà kan ó kéré tán. Bí ẹnikẹ́ni bá sún áńtẹ́nà tàbí ohun amúgbì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀n náà, ìwọ̀n ti bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá máa ń fi àwọ̀ sàmì sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ áńtẹ́nà àti ẹsẹ̀ tábìlì nítorí èyí.

Ìgbì tí kò ní àmì ni wọ́n fi ń ṣètò agbára, àmọ́ nígbà ìdánwò wọ́n á fi àmì 1 kHz sí i ní 80%. Fóòtì 10 lórí mítà kan á wá máa dé 18 ní ṣóńṣó rẹ̀. Ampilifáyà tí kò bá lè gbé ìyẹn á fá orí ìgbì dànù, ẹ̀rọ kò sì ní rí ohun tó yẹ kó rí. Ní gbogbo fíríkúẹ́ńsì, wọ́n á dúró pẹ́ tó kí ẹ̀rọ lè fi ìwà rẹ̀ hàn. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni èyí tó kéré jù. Àpótí gáàsì tó ń ka afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nílò ju ìyẹn lọ dáadáa.

Lórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Kọ́bọ́ọ̀dù iná ńlá tó ti so mọ́ ara ọkọ̀ kò ṣeé gbé wọ yàrá. Ìlànà 4-2 fàyè gba ìdánwò níbi tí wọ́n to ẹ̀rọ sí: páànù tó fẹ̀ tó 0.3 mítà tó sì gùn tó mítà 2 ni wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí i, kí wáyà ìpadà ìbọn lè so mọ́ ọn. Èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, fún ẹ̀rọ yẹn níbi yẹn nìkan ló wà. Wọn ò lè fi ta ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́.

Ara ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. IEC 60533 ti 2015 wà fún ọkọ̀ onírin, níbi tí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ páànù ilẹ̀ tó sì ń bo wáyà. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó èèyàn kọjá ọ̀sà láàárín Àpápá àti erékùṣù kò rí bẹ́ẹ̀: fáíbà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kò sì sí irin kankan láàárín rédíò àti ẹ̀rọ tó ń darí ẹ́ńjìnnì. IEC 62742 ló wà fún irú wọn. Ẹni tó bá mú ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò lórí páànù ilẹ̀ gbígbòòrò, tó sì gbé e sínú ọkọ̀ fáíbà láìwá páànù tàbí bẹ́líìtì bàbà kankan fún un, ti yọ ìdajì ìtò náà kúrò.

Ìwé ìdánwò

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ètò gbọ́dọ̀ wà tó sọ ẹ̀yà ẹ̀rọ, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà ìdánwò, wáyà tó ní àti gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n máa pè ní ìkùnà. Wáyà tí ilé iṣẹ́ ń tà pẹ̀lú ẹ̀rọ ni wọ́n máa lò, kì í ṣe èyí tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù yàrá ìdánwò. Gbogbo ojú ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń so nǹkan mọ́ gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó so mọ́ ọn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ìwé náà á ní fọ́tò ìtò láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú rúlà tàbí téèpù tó hàn nínú rẹ̀. Á ní ọjọ́ tí wọ́n yẹ irin iṣẹ́ wò kẹ́yìn, ooru, ọ̀rinrin, ẹ̀dà ìlànà, àti ohunkóhun tí wọ́n ṣe tó yàtọ̀ sí ìlànà pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Yíyàtọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. ISO/IEC 17025 ló ń darí yàrá ìdánwò lórí àkọsílẹ̀ báyìí, NiNAS ló sì ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún àwọn yàrá ní Nàìjíríà. Aṣojú olùrajà tàbí àjọ ìjọba tó bá gba ìwé ìdánwò tí kò sí fọ́tò ìtò nínú rẹ̀, tí gígùn wáyà àti iye ọ̀rinrin kò sì sí níbẹ̀, kó dá a padà, kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe.